Orúkọ Bàbá Mi Nínú Lẹ́tà Àdúrà

Montevideo,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 1994.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdúrà. Ṣé ara yín le? Àǹtí Lidia ńkọ́, àti àwọn adìyẹ wọn tí kì í gbọ́ràn?

Mo dé láyọ̀. Bọ́ọ̀sì, bàálù méjì, bọ́ọ̀sì mìíràn. Àpótí tí ẹ kàn fún mi kò fọ́, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè tú u wò títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pósí, wọ́n ń bi mí bóyá òkú ni mo gbé wọ̀lú. Mo ní bàbá mi ló kàn án. Wọ́n ní bàbá mi kì í ṣeré.

Yàrá wa tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, eruku nìkan ló kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wá ní ọjọ́ Ẹtì. Anaclara tó ń kọ́ ìṣègùn, èyí tí mo sọ fún yín pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ ṣùgbọ́n tí kì í pa ìpàdé jẹ torí àtijiyàn, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ní, “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, a rò pé oúnjẹ ilé ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa.” A po mate, ewé kíkorò wa, igbá kan, ọ̀pá ìfàmu kan, ẹnu méje. Mo rántí bí ẹ ṣe fajú ro nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò, mo bú sẹ́rìn-ín láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló dé, Bàbá, ọkàn mi kò tíì dé. Mo máa ń jí láàárọ̀, màá máa retí ìró ayùn yín. Ó ń dùn mí pé a ò jókòó sọ̀rọ̀ kí n tó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ìjọ tibí ń pè mí wá jẹ́rìí, ìjọ tọ̀hún ń pè mí wá jẹ́rìí, èmi pẹ̀lú yín ò rí ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Àǹtí bá yín lọ rí dókítà nítorí orí tó ń fọ́ yín yẹn.

Mo ti fi lẹ́tà àdúrà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ìhìnrere yìí ró, bí àjọ wa ṣe ní ká máa ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Pásítọ̀ Rogelio á kà á ní ìpàdé Ọjọ́rú. Ẹ ó gbọ́ ìròyìn tó kù níbẹ̀.

Ẹ ṣeun fún Sáàmù tí ẹ kà níbi ìdágbére mi. Ohùn yín ṣì wà létí mi.

Ọmọ yín,
Damaris.


Totonicapán,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 1994.

Damaris ọmọ mi,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa. Ṣé ò ń jẹun, àbí ewé kíkorò yẹn náà lẹ ṣì ń fà lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́? Èyí tó o fi sílẹ̀ fún wa, Lidia dà á fún adìyẹ. Àwọn adìyẹ wò ó, wọ́n kọjá lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gba lẹ́tà rẹ, èmi fúnra mi ni mo sì kà á. Sọ fún àwọn aṣọ́bodè yẹn pé bí Fidencio Ixcoy bá kan pósí, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní fẹ́ jáde mọ́.

Orí fífọ́ ti lọ. Eruku igi ló ń kó sí mi lójú. Dókítà kẹ̀? Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà ni wọ́n máa ń bá àrùn lára rẹ̀. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi. Ọmọ Don Sabino ń ṣègbéyàwó ní oṣù Karùn-ún, ibùsùn wọn ni mò ń kàn, igi sípírẹ́sì gidi, wọ́n máa bí ọmọ mẹ́jọ lórí rẹ̀ kò ní dún.

O ní a ò jókòó sọ̀rọ̀. Kí ló kù tá a fẹ́ sọ? O wá, mo rí ọ, o sanra díẹ̀, ó tó. Iṣẹ́ Ọlọ́run lo wà, má máa bojú wẹ̀yìn.

Ní Ọjọ́rú yìí, ìjókòó iwájú pátápátá ni màá jókòó sí láti gbọ́ lẹ́tà àdúrà rẹ. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń ṣe láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Fidencio.


Montevideo,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 1994.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fèsì sí lẹ́tà yín ní oṣù Kẹrin, mo tún kọ òmíràn tẹ̀lé e. Ẹ ò dá mi lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi atúnbàtàṣe bóyá akólẹ́tà kọjá, ó ti wá ń mi orí sí mi láti òkèèrè kí n tó la ẹnu.

Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ti kọjá. Àwọn ará ibí ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, Ọ̀sẹ̀ Ìrìn-àjò Afẹ́ ni ìjọba ń pè é. A kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí òkun, òjò pa wá, a kọrin. Arábìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti padà sílé rẹ̀ ní Ajẹntínà láti ìgbà náà. Ó ku èmi nìkan.

Etí òkun náà ni mo ti bi Anaclara ní ìbéèrè kan, mo díbọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo ní, ẹni tó ń rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, tó ń gbé ife sí etí tábìlì tó ń jábọ́, kí ló ń ṣe é? Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àìsàn kan wà tó máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Ó ní èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, kò sí oògùn tó lè dá a padà, ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sójú tó lè dá èyí tó kù dúró, bí èèyàn bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bàbá, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá lọ báyìí ló ń mú lára rẹ̀ lọ. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ lọ. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Damaris.


Totonicapán,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, ọdún 1994.

Damaris,

Èmi Lidia ni. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé yìí.

Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wọ orí rẹ? Ní Ọjọ́rú ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún, torí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ káàkiri pe èèyàn. Kóòtù tó fi gbé ìyá rẹ níyàwó ló wọ̀. Ó jókòó síwájú, ó na ọrùn. Pásítọ̀ ń kà, gbogbo wa ń ṣe Àmín, títí tó fi dé ìparí. Mo ti há a sórí, ó wù mí kí n gbàgbé rẹ̀: “Ẹ bá mi gbàdúrà fún bàbá mi, Fidencio. Ojú rẹ̀ ń lọ. Orí ló fi ń ka Bíbélì nínú ìjọ, kò rí ìwé náà mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.”

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó ń kà títí tó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni kan lẹ́yìn ní, “Yéè, Don Fidencio!” Ni wọ́n bá bò ó. Arákùnrin Macario, ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń ṣe àṣejù, òróró ló dà sí i lójú, ó ń ṣàn sórí kóòtù. Ẹ̀gbọ́n mi kàn di ìjókòó mú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé Bíbélì kíkà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n Pásítọ̀, wọ́n ní “kí Bàbá lè sinmi.” Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù. Ọ̀sẹ̀ kejì, Don Sabino wá kó igi rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè sùn lórí ibùsùn tí afọ́jú fi ayùn gé. Ẹ̀gbọ́n mi bá a gbé igi náà sínú ọkọ̀, ó sì gbé ayùn kọ́. Láti ìgbà náà kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí mo bá ka lẹ́tà rẹ fún un, “Fi síbẹ̀” ni gbogbo ohun tó máa sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mò ń ka gbogbo lẹ́tà rẹ fún un, èmi náà ni mò ń fara wé ọwọ́ rẹ̀ kọ èsì, ó ti tó ọdún méjì. Ó ní kí n má sọ, mi ò sì sọ. Èmi náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, Damaris. Ọmọ ọlọ́mọ lò ń tọ́jú níbẹ̀.

Màá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ò ń sọ yẹn, bí mo bá ní láti pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ìwọ kọ̀wé sí i. Má ṣàlàyé. Bẹ̀ ẹ́.

Lidia.


Montevideo,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 1994.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Àǹtí Lidia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á délẹ̀, ẹ má fo ibì kankan.

Mo ti rí i láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé. Mo rí bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ ìdágbére mi, èmi ni mo dúró tì yín nídìí tábìlì ìwàásù. Ìwé Aísáyà ni Bíbélì ṣí sí. Sáàmù ń jáde lẹ́nu yín láìsí àṣìṣe kan, ìka yín sì ń rìn lórí Aísáyà, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì. Mo rí i, mo sì ṣe Àmín.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nínú àpò mi. Bí mo bá sọ ọ́, màá ní láti dúró, mi ò sì fẹ́ dúró. Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nígbà tí mo wá dé ibí, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá gbé e lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n gbàdúrà. Ó rọrùn fún mi láti sọ fún ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tí wọn ò ní wò mí lójú.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mo gbàgbé pé ẹ̀dà kan náà ló ń lọ sí ìjọ wa. Irọ́ ni. Mo rántí. Mo rò pé Pásítọ̀ á fo ibẹ̀, tàbí bóyá mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́ fún yín. Ẹyin lọ̀rọ̀, Bàbá, mo ti jù ú sílẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa kó o.

Bí mo bá lọ báyìí, ìpàdé yìí máa tú, torí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé kí n wá, màá ti ilẹ̀kùn, màá wá.

Damaris yín.


Totonicapán,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, ọdún 1994.

Damaris,

Lidia ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ gan-an, kó má fi oyin sí i. (Mi ò fi oyin sí i. Lidia.)

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. O wà níwájú mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A jọ jẹun, a jọ ṣa ẹ̀wà, o bá mi di igi mú nígbà tí mò ń rẹ́ ẹ. O rí i, o ò sọ. O wá sọdá ayé lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Ní Costa Rica, ní Panama, àwọn tí mi ò rí rí, wọ́n mọ̀ pé Fidencio kò ríran. Fidencio nìkan ni o kò sọ fún.

Ogójì ọdún ni mo ti ń kan nǹkan fún ìlú yìí. Ọwọ́ mi ló ń ríran, ojú kọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn báyìí? Ibùsùn ọmọ Don Sabino, wọ́n lọ ra onírin. Ó ń dún. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ.

Lidia wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní olú-ìlú. (Mi ò wọ́ ọ. Ó rìn, ó kàn ń pariwo ni.) Dókítà ní ojú òsì ti lọ pátápátá. Èyí tó kù nínú ti ọ̀tún kò ju ohun tí èèyàn lè rí láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán. Ó ní ká ní mo ti wá ní ọdún méjì sẹ́yìn ni. Ó bi mí bóyá mo bímọ. Mo ní mo bí ọ̀kan, iṣẹ́ Ọlọ́run ló ń ṣe. Ó ní ó dáa.

Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi kì í sunkún, mi ò sì ríran.

Má wá. Bí o bá wá báyìí, ìtìjú ló gbé ọ wá, mi ò sì ní àga fún ìtìjú nínú ilé mi. Parí ohun tó o bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní ohun mìíràn láti sọ.

(Damaris, ó ti dìde. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ pa. Kò sọ pé kí n má kí ọ, torí náà mo kí ọ. Lidia.)


Montevideo,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, ọdún 1994.

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín títí tí ó fi ya níbi tí mo ṣẹ́ ẹ po sí. Ẹ̀yin lẹ jàre. Òtútù ibí ò jẹ́ kí ìka mi dúró dáadáa, ẹ bá mi bẹ Àǹtí kí wọ́n fara balẹ̀ kà á.

Mi ò lè kọ lẹ́tà àdúrà ti oṣù Kẹfà. Àjọ wa bínú. Mo ti kọ ti oṣù Kẹsàn-án báyìí. Orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Mo kọ nípa òtútù, mo kọ nípa yàrá tó ń jò, mo kọ nípa ìdánwò. Àwọn èèyàn kan láti Costa Rica kọ̀wé béèrè pé bàbá ńkọ́, mi ò dá wọn lóhùn. Mi ò ní fẹnu mi dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni mọ́ láé.

Ohun kan wà tí mi ò kọ síbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mò ń sọ fún. Anaclara bá mi níbi tí mo ti ń sunkún, mo wá jẹ́wọ́ fún un pé bàbá mi ni ẹni tí mo bi í léèrè ní etí òkun. Ó gbé igbá mate sílẹ̀. Ó ní, “Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó wà, ṣùgbọ́n kó ṣàánú ọkùnrin yẹn.” Ó tún gbé igbá náà, ó ní kí n má sọ fún àwọn yòókù. Ọdún méjì ni mo ti ń retí kí ó gbàdúrà. Nígbà tó ṣe é, inú mi ò lè dùn bó ṣe yẹ.

Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa parí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá. Ìpàdé kò ní tú bí mo bá lọ nígbà náà. Ẹ ti ní kí n má wá. Mo tún ń béèrè, Bàbá. Mi ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀.

Damaris.


Totonicapán,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, ọdún 1994.

Damaris ọmọ mi,

Lidia wà lọ́jà. Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Mo kan ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ pákó kan lọ́tùn-ún lósì, mo na okùn tín-ín-rín sáàárín wọn, okùn náà ni mo fi ń mọ ibi tí ìlà wà. Bí ìlà méjì bá gun ara wọn, fi sùúrù tú wọn.

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ka lẹ́tà àdúrà rẹ. Mo lọ. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo de fìlà wálẹ̀. Pásítọ̀ kà nípa òtútù. Ó kà nípa yàrá tó ń jò. Ó kà nípa ìdánwò. Mò ń retí. Ó ní, “Ibí ló parí sí.” Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún òrùlé yín.

Inú bí mi, Damaris. Mo rìn délé, inú ń bí mi. Ìgbà tí mo fara gbá igi ẹnu ọ̀nà ni mo tó bi ara mi léèrè: àgbàlagbà, kí lo fẹ́ gan-an? Wọ́n dárúkọ rẹ, o bínú. Wọn ò dárúkọ rẹ, o tún bínú. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nínú ọgbà. Àwọn adìyẹ sá.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo mọ̀ pé o rí i. Ọjọ́ ìdágbére yẹn, ohùn rẹ yí padà lórí Àmín, ojú nìkan ló ń lọ lára mi, etí mi ṣì wà. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Mo fẹ́ kí o lọ. Mo sì tún fẹ́ kí o yíjú sí mi, kí o sọ pé o ò ní lọ mọ́, kí èmi wá sọ pé rárá, máa lọ. O ò sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí, kì í ṣe òróró Macario. Ṣùgbọ́n èmi náà ò sọ. Àwa méjèèjì la dúró níwájú ìjọ, tá a jọ ń parọ́ lórí Aísáyà.

Kí Anaclara máa bá àdúrà rẹ̀ lọ. Sọ fún un pé mo gbọ́ ọ.

Mo padà lọ rí dókítà. Oògùn yẹn ń jà, ó ní, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ náà ń dí. Ó ní ó lè dé Kérésì, ó sì lè má dé e. Mi ò ní kí o wá lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan nípa ohun tá a fi pa mọ́, kí wọ́n má sì jìyà rẹ̀. Parí iṣẹ́ rẹ. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ti oṣù Kejìlá.

Ṣùgbọ́n kọ lẹ́tà àdúrà mìíràn kíákíá, má dúró de oṣù mẹ́ta. Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ yìí, má fi kún un, má yọ níbẹ̀:

Fidencio Ixcoy, káfíńtà, ní Totonicapán, ń bẹ̀ yín. Ojú rẹ̀ ti ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ fún yín. Kò ní kí ẹ bá òun tọrọ ojú tuntun. Ẹ bá a bẹ Ọlọ́run kí ìwọ̀nba tó kù yìí má tíì tán kó tó di oṣù Kejìlá, torí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó yẹ kó ti sọ fún un lójúkojú láti oṣù Kejì.

Bí o bá dé, iwájú mi tààrà ni kí o gbé àga sí. Má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi bí o ti máa ń ṣe láti kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ti ṣú, mi ò ní rí ọ níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Fidencio.